Orúkọ Tí Mo Fi Pamọ́ Lára Àwo

Nígbà tí ẹgbẹ́ olórin búlúùsì wa ní Dagenham nílùú London ṣe àwo àkọ́kọ́, orúkọ òyìnbó ni mo ní kí wọ́n kọ fún mi. Mo tún ń ta gìtá ní ìjọ wa, ẹ̀rù sì ń bà mí kí wọ́n má baà mọ̀ pé mò ń kọrin ilé ọtí.

Màmá mi gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Òyìnbó wo ló ń ta gìtá bí ọmọ mi báyìí?”

Lára àwo kejì, orúkọ tí bàbá mi sọ mí ni mo kọ. Olórí akọrin ìjọ wa pè mí.

“Ṣé orúkọ ẹ ni mo rí lára orin ilé ọtí yìí, àbí ojú mi ni?”

“Ojú yín kọ́, sà. Èmi ni.”

“Ó yá, gbé gìtá ìjọ sílẹ̀.”

Mo gbé e sílẹ̀, mi ò bẹ̀ wọ́n. Màmá mi nìkan ni mo bẹ̀, torí orúkọ tí mo fi pamọ́.