Àwọn Tó Pàtẹ́wọ́ fún Ludomir

Lọ́dún 1981 tí Ludomir Warchoł já bàálù gbà láti Póláńdì wá sí ìwọ̀-oòrùn Berlin, mo wà lára àwọn tó dúró sẹ́yìn wáyà pápákọ̀ òfurufú Tempelhof, tí à ń pàtẹ́wọ́ fún un. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe níbi tó ti wá. Ọ̀bẹ ilé ìdáná kan àti ìgò omi lásán tó pè ní bẹntiróòlù ló fi dẹ́rù ba awakọ̀. Ìyàwó rẹ̀ àti Jagna, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, wà nínú bàálù náà. Èrò mẹ́sàn-án tí kò mọ̀ ọ́n rí bá wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò padà sílé mọ́.

Ta ni ì bá dá a lẹ́bi nígbà yẹn? Ògiri ni ìjọba Kọ́múníìsì, irú èyí tó wà ní Póláńdì, fi pín ìlú wa sí méjì, wọ́n sì ń yìnbọn pa ẹni tó bá fẹ́ fò ó. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin, ó lo méjì péré. Lọ́jọ́ tó jáde, oníbúrẹ́dì àdúgbò wa gbé kéèkì lọ fún un.

Ilé kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò Neukölln, a sì jọ ń mu bíà nílé ọtí Detlev. Bí Ludomir bá ti yọjú, Detlev á pariwo pé:

"Ẹ di àga yín mú o! Ọ̀gá ti dé, ó máa wa ilé ọtí yìí lọ sí Amẹ́ríkà!"

"Ta ló fẹ́ já ilé ọtí gbà," Ludomir á dá a lóhùn, "tí bíà ibẹ̀ dà bí omi ìfọṣọ?"

Àwa yòókù á rẹ́rìn-ín títí.

Ìgbà tó yá, ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ríṣẹ́ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó ń tún ilẹ̀kùn àti àga ṣe. Ó wá di oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Gbogbo wa wà níwájú tẹlifíṣọ̀n Detlev, à ń wo ilé gogoro méjì tí àwọn tó já bàálù gbà fi bàálù kọlù, tó ń jó ní Amẹ́ríkà, Ludomir sì wọlé. Detlev ò pariwo. Ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí gbé ife rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Kí oṣù náà tó parí, àwọn òbí ti fọwọ́ síwèé pé àwọn ò fẹ́ agbésùnmọ̀mí láàárín ọmọ àwọn. Iléèwé ní kó máa lọ. Jagna wá bá a níṣojú mi, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, rélùwéè ni mo sọ fáwọn ọmọ mi pé a wọ̀ wá. Ẹ má sọ nǹkan míì fún wọn."

Ludomir wò mí. "Gisela, ohun kan náà ni mo ṣe. Àbí ó ti yí padà ni?"



Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Halszka Mroczek, obìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú bàálù náà, tí Ludomir fi ọ̀bẹ sí lọ́rùn lọ́jọ́ yẹn. Ó rí i nílùú Poznań ní Póláńdì, mo sì sìn ín lọ. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn díẹ̀, kò tú ṣéènì rẹ̀.

"Ẹ káàsán, màdáámú. Èmi ni..."

"Mo mọ̀ yín. Ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín."

"Mo wá tọrọ àforíjì. Omi ló wà nínú ìgò yẹn."

"Ṣé ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé omi ni?" Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè rárá. "Mo tọ̀ sára. Wọ́n mú mi gba iwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín kọjá, ẹnìkan ò bi mí pé kí ló ṣe mí. Nísinsìnyí táyé ti kọ̀ yín lẹ́yìn lẹ wá rántí mi."

"Kí ni mo lè ṣe?"

"Kò sí."

Ó tilẹ̀kùn. Mi ò lè wo ojú Ludomir. Lóòótọ́, mo rí obìnrin kan lọ́jọ́ náà tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò, ṣùgbọ́n Ludomir ni mò ń wò.

Láti ìgbà náà kò mu bíà lọ́dọ̀ Detlev mọ́. Ilé àwọn arúgbó ní àdúgbò Spandau ló wà báyìí, Jagna kì í sì í wá kí i. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ó bi mí bóyá Jagna fi lẹ́tà rán mi. Mo ní rárá. Ó yí ojú sí fèrèsé, mo sì wọ kóòtù mi.