Kiva, Yàrá Abẹ́ Ilẹ̀ Mi

Mo rántí ìgbà tí ìyá onílé mi sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí mo ń gbé ní Dublin, tó na lẹ́tà ìjọba kan sí mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kò gba ìbéèrè mi fún ààbò, pé wọ́n lè dá mi padà sí Nàìjíríà, àfi bí mo bá tètè sọ ìdí tí kò fi yẹ kí n lọ. Àwọn tó dáná sun ilé mi ṣì wà níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èsì.

Ìgbà náà ni ọrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú yẹn. Kíréènì ìkọ́lé kún ojú ọ̀run, gbogbo ènìyàn ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi kò ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Fèrèsé mi wà nísàlẹ̀ títì, nítorí náà ẹsẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ nínú ará Dublin. Bàtà pupa kan máa ń kọjá lọ́sàn-án. Mo máa ń kí i nínú yàrá. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ṣíwọ́ lílọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, bíi pé ọlọ́pàá kò níṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ṣọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá onílé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yá mi ní ìwé kan tó ní àwòrán. Mo rí yàrá róbótó kan níbẹ̀ tí àwọn Pueblo, ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ń gbẹ́ sínú ilẹ̀. Kiva ni wọ́n pè é. Ahọ́n mi kò mọ ìró yẹn; "kí wá" ni mo kà, bíi pé ìwé ń bi mí léèrè ohun tó kù.

"Kiva," ni ìyá onílé tún un sọ. "Àkàbà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ láti orí òrùlé, láti ṣe orò wọn. Wo ihò kékeré yìí nílẹ̀. Ó dúró fún ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti jáde wá sáyé."

"Èmi náà ti ní tèmi nìyẹn, mà."

"Àwọn kì í sá pamọ́ síbẹ̀ o. Wọ́n ń gun àkàbà jáde."

Láti ọjọ́ náà, kiva ni mo ń pe yàrá mi.

Ìgbà òtútù kan kọjá, òmíràn dé, lẹ́tà kejì sì tẹ̀ lé e. N kò láyà láti ṣí i. Mo gbé e lọ fún ọmọbìnrin ará Fínláǹdì tó gba yàrá òkè. Ó kà á, ó sì pariwo: "Kiva! Kiva!"

Kí ni mo gbọ́? Pé kí n sá wọ kiva mi. Mo fi eré sọ̀kalẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo lúgọ sẹ́yìn ibùsùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, 'ó dára' ni kiva lédè mi!" ni ọmọbìnrin náà ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Wọ́n ní kí ẹ máa gbé ìlú yìí!"

Ìyá onílé náà ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Gun àkàbà rẹ, ọ̀gbẹ́ni. Ó tó gẹ́ẹ́."

Mo jáde sí títì. Bàtà pupa ń kọjá. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wọ̀ ọ́. Mo kí i ní ohùn òkè. Ó dáhùn.

Òkè ni mò ń gbé báyìí, ojú ènìyàn ni mo sì ń rí. Síbẹ̀, bí lẹ́tà bá já bọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí mo ṣe ṣi kiva kà lọ́jọ́ kìíní ni ó ṣì ń dún létí mi: kí wá?