Ike Omi Ìyá Mi

Ìyá Olómi ni wọ́n ń pe ìyá mi níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ta omi rí. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú orí àti inú ara, kí àwòrán rẹ̀ lè péye, kí ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ má sì ju èyí tó tọ́ sí aláìsàn lọ. Fún ọdún mọ́kànlá, kí aláìsàn kankan tó wọlé láàárọ̀, á ti gbé ike róbótó kan tí omi kún inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ, á sì yà á. Omi kò léegun, kò níṣan. Bí ohunkóhun bá hàn nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ló ń purọ́.

Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun tó ń ka àwòrán fúnra rẹ̀, tó sì máa ń fa òbírí pupa yí ibi tó bá fura sí ká, ọ̀gá wọn ní kó fi omi sílẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà á máa yẹ gbogbo ẹ̀ wò."

Ìyá mi gbà, ó ti ike náà sábẹ́ tábìlì. Títí dòní, ó ní òun ló jẹ̀bi ìyẹn, kì í ṣe ọ̀gá.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni télọ̀ kan wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó tó oṣù méjì tí orí ti ń fọ́ télọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà fa òbírí pupa yí àbàwọ́n kékeré kan ká ní àárín gbùngbùn ọpọlọ rẹ̀. Ni dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá sáré pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní kó má lọ sílé, wọn á la orí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, ó di bàtà ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ jẹ́ ká tún un yà, kó lè dá wa lójú," dókítà wí.

"Rárá o, Dókítà," ìyá mi dáhùn. "Ìtànṣán kì í ṣe ohun tí à ń bù fún èèyàn lábùtúnbù. Mo rí irú àbàwọ́n yìí nínú àwòrán màmá àgbà kan láàárọ̀. Ibì kan náà gẹ́lẹ́ ni. Omi ni n ó kọ́kọ́ yà."

Ọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Olómi! Òùngbẹ tún ti ń gbẹ ẹ̀rọ nìyẹn?"

"Ìwọ sáà yàgò fún mi."

Ó fa ike náà jáde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó sì gbé e síbi tí orí télọ̀ wà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ yí. Àwòrán jáde. Kọ̀ǹpútà fa òbírí pupa sí àárín omi.



"Dókítà," ìyá mi ní, "ẹ tún pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ẹ ní omi náà ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ lọ́la."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kàn ń sunkún ni.

Ọ̀kan nínú ojú tí ẹ̀rọ fi ń gba ìtànṣán ló ti bàjẹ́, tó ń fi àbàwọ́n sí gbogbo ohun tó bá rí. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ kọ̀ǹpútà nírú èyí, àìsàn ló kà á sí. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ya omi, ó mọ́ lóló. Wọ́n pe màmá àgbà yẹn padà, wọ́n sì tún ya télọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí nǹkan kan lórí àwọn méjèèjì. Awò ojú ni télọ̀ nílò, abẹ́rẹ́ tó ń fojú wá kiri ló ń fọ́ ọ lórí.

Ìyá mi sọ ọ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò. Orí mi wú. Ọdún mẹ́rin ni mo fi wá akọni kiri inú ìwé, èyí tí a jọ ń jẹun lórí tábìlì kan náà ni n kò rí.

Lẹ́yìn oṣù kan, télọ̀ padà wá tòun ti awò lójú. Ó rán ẹ̀wù búlúù kan fún ike náà, ó lọ́rùn, ó ní bọ́tìnì, ó tún ní àpò.

"Orí ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, Ìyá Olómi," ó ní. "Ṣé ẹ rí i pé ó bá a mu?"

Láràárọ̀ báyìí, ìyá mi á bọ́ ẹ̀wù náà, á ká a, á gbé omi fún ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà á sì kọ́kọ́ ka omi kó tó ka ènìyàn kankan. Ọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnì kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ike ló ń kí ní "ẹ káàárọ̀ sà" kó tó kí ọ̀gá.