Orúkọ Dómlà Ló Wà Lókè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Sanobar jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Olùkọ́ yunifásítì ni nítòsí ìlú Namangan, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń fi ọkọ́ jẹun, nítorí korobá omi ló ń gbé kiri. Igi ápù ló ń bomi rin. Ápù abúlé bàbá rẹ̀ àgbà ni, èyí tó máa ń pẹ́ kó tó tanná, tí òtútù òjijì tó ń pa òdòdó igi àwọn ẹlòmíràn kì í fi í bá a. Nígbà tí wọ́n ń la títì gba abúlé náà kọjá, wọ́n gé gbogbo àwọn igi àgbà. Ẹ̀ka díẹ̀ tí Sanobar sáré lọ gé, tó so mọ́ ara igi kékeré mìíràn nínú oko yunifásítì kí wọ́n lè hù, ni ìyókù wọn láyé.

Kànga wà nínú oko náà, ẹ̀rọ tó ń fa omi rẹ̀ ló ti kú. Igi ń dàgbà, òùngbẹ wọn náà ń dàgbà, apá obìnrin kan ṣoṣo kò sì ká a mọ́. Nígbà tí yunifásítì wá kéde pé àwọn fẹ́ fún àwọn olùkọ́ ní owó díẹ̀ tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, inú Sanobar dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ omi dé nìyẹn. Bí kò bá dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, àwọn igi yẹn yóò kú, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kọ ìwé tó fi bèèrè owó náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tí gbogbo ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ilé máa ń ṣe níbẹ̀: ó kọ orúkọ Dómlà Hikmatillo, àgbà olùkọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ (Dómlà ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀), sókè gẹ́gẹ́ bí olórí ìwádìí, ó kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀. Dómlà fọwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Mavjuda, ọmọbìnrin tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì, wo ìwé náà, ó wo Sanobar.

"Opa, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Dómlà ló máa bá yín gbé korobá ni?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ mà mú o."

"Ẹ kọ orúkọ tiyín sókè. Ta ni ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣiṣẹ́ yìí?"

"Kí n wá gba orí olùkọ́ mi kọjá? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni? Gbà á, jàre."

Nígbà tó ṣe, Mavjuda pè é. Òfin owó náà ni pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ṣe olórí ju iṣẹ́ kan lọ, orúkọ Dómlà ló sì wà lókè ìwé mọ́kànlá. Gbogbo ọmọ tó kọ́ ló ti lọ bọ̀wọ̀ fún un, gbogbo wọn ló sì fọwọ́ sí ìwé fún. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń pín owó náà ní kí bàbá náà mú ẹyọ kan kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn yóò da gbogbo rẹ̀ nù.

Sanobar sáré lọ bá a nílé. Bàbá náà bu tíì fún un, ó gbé búrẹ́dì síwájú rẹ̀.

"Dómlà, ẹ dákun, ẹ mú tèmi. Àwọn igi yẹn ò ní la ẹ̀ẹ̀rùn yìí já."

"Ọmọ mi, ọmọ ni gbogbo yín."

"Mo mọ̀, Dómlà. Àmọ́ bí ẹ ò bá mú ẹnì kankan, gbogbo wa la máa pàdánù."

"Ó kúkú sàn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mú ọ, àwọn yòókù á ní mo kórìíra àwọn. Bí ò bá sẹ́ni tó rí i gbà, ta ló máa sọ pé mo ṣẹ òun? Jẹun, o ti rù jù."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Orúkọ rere tirẹ̀ ló ń tọ́jú, igi olówó iyebíye ló sì fẹ́ fi ṣètùtù rẹ̀. Inú bí Sanobar gan-an. Síbẹ̀ ó mu tíì náà tán, ó dúpẹ́, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde kó má baà kọ ẹ̀yìn sí olùkọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Tashkent, olú-ìlú, dé ló gba owó náà. Dómlà kò kọ́ ọ rí, orúkọ ara rẹ̀ ló kọ, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Àwọn ọmọ Dómlà wẹwọ́ mọ́ tónítóní, àlejò ló jẹun.

Sanobar gbé korobá títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀. Ewé kọ́kọ́ ká kò, lẹ́yìn náà ó gbẹ. Nígbà tí oòrùn oṣù kẹjọ ṣe tiẹ̀ tán, ó ń fi èékánná ha èèpo àwọn igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá yóò rí ibi tó ṣì tutù. Kò rí. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún, ó sì bú Dómlà sókè ketekete, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́ Olùkọ́ lóṣù kẹwàá, àwọn ọmọ Dómlà dáwó ra chapan, ẹ̀wù àwọ̀sókè olówùú, fún un. Sanobar ni wọ́n ní kó wọ̀ ọ́ fún un, nítorí òun ló ní ìtẹríba jù. Bó ṣe ń gbé ẹ̀wù náà lé èjìká rẹ̀, bàbá náà rọra sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Má bínú o, ọmọ mi. Lọ́dún tó ń bọ̀, tìẹ ni màá kọ́kọ́ fọwọ́ sí. Àwọn ápù ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ń dàgbà, Dómlà," Sanobar dáhùn, ó sì tún ọrùn ẹ̀wù náà ṣe fún un.