Bẹ́ǹṣì Zakris Nínú Ilé Eré Ọba

Ibi tí Zakris Lundell bá fìdí lé nínú ilé eré ọba, ibẹ̀ náà ló gbà pé òun tó láyé. Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ní ààfin wa tó wà lórí erékùṣù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbéni dé láti Stockholm, ńṣe ni wọ́n fi ọ̀dà kọ oyè sára bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìjòyè ló wà níwájú, àwọn ìránṣẹ́ iyàrá ọba tẹ̀ lé wọn, àwọn tó ń da àtíkè sí wíìgì wà lẹ́yìn ìwọ̀nyẹn, àwọn alágbàfọ̀ sì wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí èéfín àbẹ́là ti ń ta síni lójú. Àtíkè ni Zakris ń dà. Stava ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ tábìlì. Tọkọtaya tó ń sùn lórí ibùsùn kan kò wá lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

Ilé eré náà dùn ún wò, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Igi ni òkun orí ìtàgé, àwọn atukọ̀ tí wọ́n kó wá láti etí òkun ló sì ń yí i lábẹ́lẹ̀ tó fi ń ru. Òkúta tó ń yí gbirigbiri nínú àpótí lókè àjà ni àrá. Mábù ara ògiri, ọ̀dà ni. Wúrà ibẹ̀, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi ni. Ipò nìkan ni ojúlówó níbẹ̀. Kí ọba tó wọlé, gbogbo wa a ti wà lórí ìdúró. Ó dìgbà tó bá fìdí kan àga, tó juwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó. Nígbà kan ó gbàgbé láti juwọ́ títí ìpín kìíní fi parí. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù kan dákú, ńṣe ni wọ́n gbé e fẹ̀yìn ti òpó kó má baà jókòó ṣáájú àṣẹ.

“Bàbá Lovisa,” ni Stava wí fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń lọ aṣọ, “gbogbo ìgbà tí obìnrin orí ìtàgé yẹn bá ń sunkún, ìpàkọ́ yín nìkan ni mo máa ń rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ jókòó, kí n rí ojú yín.”

“Kí lo fẹ́ fi ojú mi ṣe?”

“Kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà ń sunkún ni.”

“Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé bẹ́ǹṣì àwọn ìránṣẹ́ iyàrá. Tí mo bá débẹ̀, màá bá ọ sọ fún Baron tó ń ṣètò ìjókòó.”

“Ṣé kẹ́ ẹ tún lè jìnnà sí mi sí i ni?”

“Stava, èèyàn á kọ́kọ́ gòkè kó tó nawọ́ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni Hedman, arúgbó kan nínú àwọn ìránṣẹ́ iyàrá, kú sórí bẹ́ǹṣì níbi tí eré ti ń lọ lọ́wọ́. Kò pariwo, ó kàn fara tì ni. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dìde kí ọba tó dìde, nítorí náà òkú àti alààyè jọ wo eré náà dópin. Zakris ló kọ́kọ́ fura, torí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló jókòó sí. Àwọn àgbà ní ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Zakris ò gbọ́ òwe kankan ní tirẹ̀. Àyè ló rí. Lọ́jọ́ kejì, kí opó tó rí aṣọ dúdú wọ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Baron Ekenhjelm.

“Kí ló dé, Lundell?”

“Olúwa mi, mo wá kẹ́dùn Hedman ni.”

“O ṣeun.”

“Mo sì ní kí n béèrè bẹ́ǹṣì rẹ̀.”

“Ara ọkùnrin yẹn ò tíì tutù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi. Bẹ́ǹṣì náà ò tíì tutù. Kò yẹ ká jẹ́ kó tutù.”

Baron rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fún un ní ipò náà nítorí ẹ̀rín yẹn. Bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn nípò ní ààfin wa nìyẹn.

Zakris jókòó síwájú. Nígbà tí Stava bi í bóyá ó ti bá Baron sọ ọ́, ó ní ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà tó tún bi í, ó ní kò yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débì kan máa tọrọ nǹkan. Stava ò bi í mọ́. Ó ń wo ìpàkọ́ náà láti ẹ̀yìn bó ṣe ń pá díẹ̀díẹ̀.

Ọba wàjà. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá: àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ò nífẹ̀ẹ́ sí eré. Wọ́n ti ilé eré náà pa, wọ́n kó ibùsùn tó ti ṣẹ́ àti aṣọ fèrèsé tó ti ya sórí ìtàgé, wọ́n sì fún Zakris ní kọ́kọ́rọ́, torí kò síṣẹ́ mìíràn tó wúlò fún mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán ni yóò wọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, tí yóò da àtíkè sí wíìgì ara rẹ̀, tí yóò lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ìránṣẹ́ iyàrá, tí yóò máa wo ibùsùn ṣíṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Stava gbé búrẹ́dì dúdú àti ẹja oníyọ̀ wá fún un. Ó dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ẹ sún díẹ̀.”

“Stava.” Zakris nàka sẹ́yìn. “Tìrẹ wà lọ́hùn-ún.”

“Ta ló wà níbí tó máa rí mi?”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń wò. Wọ́n kọ ọ́ sára bẹ́ǹṣì.”

Stava wo ohun tí wọ́n kọ. Ó wo bẹ́ǹṣì àwọn ìjòyè níwájú, ìgbẹ́ eku kún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Kò lọ sẹ́yìn. Iwájú ló gbà, ó kọjá àwọn ìjòyè, ó ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo àga ọba, ó yí àga náà kọjú sẹ́yìn, ó jókòó, ó sì gbé àwo ẹja lé itan.

Zakris dìde. Kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dìde. Ó fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ wọn kì í jágbe mọ́ ẹni tó bá wà lórí àga yẹn.

Stava ń jẹun, kò kánjú. Ojú tó ti ń wá láti ọdún pípẹ́ wá ló wà níwájú rẹ̀ gbangba yìí. Kò sí omijé níbẹ̀. Ẹ̀rù ló wà níbẹ̀, ẹ̀rù ìránṣẹ́.

Ó jẹ ẹja náà tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo, ó fi aṣọ àrán ara àga nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà, ó juwọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Zakris jókòó.