Obìnrin Tí Wọ́n Máa Ń Rán

Bí bàtà rẹ̀ ṣe dún lórí òkúta wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà wa, bẹ́ẹ̀ ni odó dákẹ́ nílé kejì. Ọ̀sán ni, ọyẹ́ ń fẹ́, òórùn ewé tí wọ́n ń jó gba gbogbo Òkè-Ìlá. Àwa ọmọdé pàápàá mọ ìyá arúgbó yìí. Òun ni wọ́n máa ń rán bí ẹnìkan bá kú tí kò sí ẹni tó lè sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ń rán.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ bá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn. Ìyá náà dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Àbúrò rẹ kú láàárọ̀ yìí. Mọ́tò ló kọlù ú lójú ọ̀nà Ìgbẹmọ." Kò fi nǹkan kan kún un. Bàbá mi di ògiri mú.

Ó wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, tó ń bó ẹ̀gúsí. Níbẹ̀, kò jẹ́ iṣẹ́ kankan. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ń bá a bó o. Wọ́n sọ̀rọ̀ oko, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀ tó. Èèpo ẹ̀gúsí ń dún lábẹ́ èékánná wọn, títí ó fi rọra bèèrè ìgbà tí ìyá àgbà rí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kẹ́yìn.

"Láàárọ̀ yìí ni," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ó gba ibí kọjá. Kò wọ bàtà. Mo pè é, kò dá mi lóhùn."

Èmi ni mo gbá ẹ̀yìnkùlé náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá.

Ọwọ́ ìyá arúgbó náà dúró. Mo rò pé yóò sọ fún un pé àlá ló lá. Ó kàn fi ohùn Èkìtì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ti dé ulé."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà wí, ó sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ó wá kan èmi. Bàbá mi ti bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún mi pé ìrìn àjò ni àbúrò òun lọ. Ó kọ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yóò máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba.

"Bàbá rẹ kékeré ti kú. Kò ní wá kọ́ ọ níwèé ní Sátidé mọ́. Kì í ṣe ohun tí o ṣe ló fà á."

Nígbà tí mo dàgbà, mo bi í bí ó ṣe mọ̀ pé ìyá àgbà ti mọ̀. Ó ní òun kò mọ̀ rárá. "Ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ fún," ó ní, "tẹnu rẹ̀ la ó kọ́kọ́ gbọ́."

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, èmi náà sì ń jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jókòó, mo máa ń bèèrè, mo sì máa ń dákẹ́ gbọ́. Ẹkún kì í bà mí lẹ́rù. Ẹni tó ń bà mí lẹ́rù ni ẹni tí kò ní sunkún, tí yóò fi ara balẹ̀ sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tó kú náà tó ń kọjá.