Ọwọ́ Tí Mo Fi Lé Àna Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń bí mi nínú, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: sípíkà kékeré kan ni, dúdú, kò ju agolo mílíìkì lọ, orí tábìlì obìnrin tó ń bá wa tẹ̀wé ló máa ń jókòó sí bí ọba. Ohun tí kò kún ọwọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìgbéyàwó ọmọ mi ká. Inú ṣì ń bí mi báyìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó rọ̀.

Yàrá kan ṣoṣo ni àwa mẹ́ta fi ń ṣe ọ́fíìsì ní ilé-ìwé girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ẹdẹ. Èmi ni mò ń tọ́jú fáìlì. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo wọ girama díẹ̀ kí owó bàbá mi tó tán, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ nípa fáìlì ni ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Obìnrin tó ń tẹ̀wé jókòó lápá ọ̀tún mi, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ìṣirò jókòó lápá òsì, ọmọ agboolé ńlá kan láàárín ìlú, mùsùlùmí bíi tèmi. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí fáìlì wà nínú rẹ̀ ló wà níwájú mi. Wíńdò tí àwọn òbí máa ń dúró sí láti bá wa sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn mi ló wà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Orin ìjọ ni obìnrin náà máa ń gbé sí i láti àárọ̀. Kò burú. Fújì ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ràn, òun náà sì lọ ra sípíkà tirẹ̀, ó rí i dájú pé ó tóbi ju ti obìnrin lọ. Ìyẹn náà ò burú. Èmi fúnra mi fẹ́ràn orin. Ohun tó burú ni kí orin méjì máa wọ orí ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti ọ̀tún, ìkejì láti òsì, tí agbárí rẹ̀ wá di oríta.

Láyé rédíò, a máa ń rí ìrànwọ́. Bí iná bá ti lọ, rédíò á dákẹ́, a ó fi ẹnu bú àwọn oníná, a ó sì fi inú dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sípíkà òde òní ti mu iná yó láti ilé kó tó dé ibi iṣẹ́. Iná lè lọ títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, orin ò ní lọ.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dín in kù díẹ̀."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò mí. "Bàbá, ṣé orúkọ Jésù ló ń gún yín létí?"

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí orin yìí kan náà ni ìyàwó yín ń kọ nílé."

Òótọ́ ni. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni ìyàwó mi. Mo padà sídìí fáìlì mi.

Nígbà tó yá, mo lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ kó tó fèsì, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ ilé, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ìyá tó wà nílé ti ń fà yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún mi, ṣé ẹ ṣì ń kírun?"

Obìnrin tó ń tẹ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì tí kì í kí ara wọn dáadáa láàárọ̀ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín pọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí ní Ẹdẹ nìyẹn. A kì í bára wa jà nítorí ẹ̀sìn, inú ilé kan náà la ti ń jẹ ẹran iléyá àti ìrẹsì Kérésì. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ pé ariwo pọ̀, wọ́n á bi ọ́ pé ariwo ti ta ni. Kò sẹ́ni tó gbà pé ariwo lè jẹ́ ariwo lásán. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé. Ọ̀gá ní, "Àgbà ni yín, ẹ yanjú ẹ̀ láàárín ara yín." Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn. A jọ ń bẹ̀rù àwọn méjèèjì ni, owó oṣù tirẹ̀ kàn ju tèmi lọ ni.

Mo wá ọgbọ́n kan dá, ọgbọ́n ojo. Bí orin bá ti ga jù, màá kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń wá fáìlì, màá wá máa ju ọwọ́ ọ̀tún mi sẹ́yìn, bí ẹni ń lé eṣinṣin: ẹ kúrò, ẹ máa lọ, ẹ lọ. Àwọn àti orin wọn ni mò ń lé. Kò sì sẹ́ni tó lè mú mi sí i, ṣebí eṣinṣin wà káàkiri. Akọni ni mí, bí mo bá ti kẹ̀yìn sí ènìyàn.

Ọmọ mi obìnrin ló rí ọkọ ní Sekona. Ọmọkùnrin náà dára. Ìyá rẹ̀ ń ta gààrí àti èlùbọ́ lẹ́bàá títì níbẹ̀, opó ni, òun nìkan ló dá tọ́ ọmọ náà. A ti fi ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé kan, ìyàwó mi ti ra ìrẹsì. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, ìyá ọkọ wá sí Ẹdẹ wá ra àpò tó fi ń di ọjà, ó ní òun kò lè dé ìlú wa kí òun má yà kí àna òun níbi iṣẹ́.

Èmi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé orin méjèèjì ga dé àjà lọ́jọ́ náà. Obìnrin yẹn ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, ó ní orin ló ń jẹ́ kí ìka òun yá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní òun ò lè fi orin ẹlòmíì ṣe ìṣirò, ó yí tirẹ̀ sókè. Obìnrin náà yí tirẹ̀. Mo kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́. Mo jù ú dáadáa. Mo tún fi òṣé tó gùn gbè é lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, ọmọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Dádì, kí ni màmá Sekona fi ṣe yín?"

"Èwo ni màmá Sekona?"

"Wọ́n ní àwọn wá kí yín níbi iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn kúnlẹ̀ sí wíńdò, àwọn kí yín títí, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní ẹ wá ń fi ọwọ́ lé àwọn bí ẹni ń lé adìẹ nídìí àgbàdo tí wọ́n sá."

Mo rántí wíńdò tó wà lẹ́yìn mi.

"Wọ́n ní tí bàbá bá lè lé àwọn báyìí níta gbangba, kí lọmọ rẹ̀ máa fi ojú àwọn rí tó bá wọlé àwọn? Wọ́n ní ká má wulẹ̀ dáná Sátidé."

Ìyàwó mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ò lè lé ewúrẹ́ nídìí iṣu?"

Mi ò sùn dáadáa. Ìbínú ń gbé mi dìde, ẹ̀rù ń tún mi tẹ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí obìnrin náà ti gbé sípíkà rẹ̀ kalẹ̀ báyìí, mo gbé e, mo jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Mo lọ gba ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn náà lórí tábìlì rẹ̀, mo tì wọ́n mọ́ inú ibẹ̀ pọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Orúnkún mi ń gbọ̀n, mo wá fara ti kọ́bọ́ọ̀dù kí wọ́n má baà rí i. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún jìgìjìgì.

"Bàbá, ṣé ara yín le?" ni obìnrin náà bi mí.

"Ara mi ò le. Ọmọ mi fẹ́ pàdánù ọkọ nítorí ẹ̀yin méjèèjì."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló kọ́kọ́ fèsì. "Mo rí ìyá yẹn. Mo rí i tí wọ́n kúnlẹ̀."

"O rí i, o ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ ju ọwọ́ sí wọn, Bàbá. Mo rò pé ẹ ní kí wọ́n máa lọ ni."

"Ìwọ ni mo ju ọwọ́ sí. Ìwọ àti Àǹtí. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń ju ọwọ́ sí yín."

Wọ́n wo ara wọn. "Èyí tí ẹ máa ń fọwọ́ ṣe yẹn?" ni obìnrin náà wí. "Àwa rò pé oríkèé ló ń dùn yín ni. Mo tiẹ̀ ti ní kí n bá yín ra òróró tí wọ́n fi ń para."

Ẹ wo ìyẹn. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń bínú láti ọdún kan, aromọléegun ni wọ́n pè é.

Ènìyàn kì í dá nìkan lọ bẹ àna. Mo ní kò sí ẹlòmíì tó ń bá mi lọ bí kò ṣe àwọn méjèèjì. Wọn ò lè kọ̀, ojú ti tì wọ́n. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo dá ẹrù wọn padà fún wọn, àwa mẹ́ta há ara wa mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Títí a fi dé Sekona, orí mi ni wọ́n ń sọ ọ́ kọjá, ẹni tí orin tirẹ̀ ga jù.

Ìyá náà jókòó ti igbá gààrí rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa, èmi bàbá ìyàwó. Orí mi ló ń wò kọjá, ó ń wo títì.

"Ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ iṣẹ́ yín jẹ́. Èmi ò pe ẹnikẹ́ni kó wá dọ̀bálẹ̀."

Obìnrin tó ń tẹ̀wé kúnlẹ̀. "Màmá, orin ló fà á."

"Orin wo ló ní ọwọ́?"

"Ariwo pọ̀ nínú ọ́fíìsì wa, Màmá. Bàbá ò gbọ́ yín," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, kò sì lè dúró síbẹ̀. "Ti Àǹtí yìí ló pọ̀ jù."

"Ti ta ni?" Obìnrin náà dìde lórí orúnkún, ó fa sípíkà yọ nínú báàgì. "Ẹ jẹ́ kí Màmá fi etí wọn gbọ́ bí tèmi ṣe máa ń ga mọ." Ó tàn án. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá fa tirẹ̀ yọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá èlùbọ́, òun náà tàn án. Níwájú àna mi, níbi tí a ti wá bẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń kọjá lọ, ó tún fun fèrè. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ pupa yẹn gbé mi mì.

Ìyá náà fi ọwọ́ kan di etí, ó fa ojú ro, ó wá ń ju ọwọ́ kejì: ẹ pa á, ẹ pa á. Àsìkò yẹn gan-an ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé abọ́ dání, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tààrà. Ó rí ọwọ́ náà. Ó dúró. Ó pòṣé, ó yí abọ́ rẹ̀ padà, ó gba ìsọ̀ kejì lọ.

Wọ́n pa orin, mi ò mọ ẹni tó ṣáájú. Ọwọ́ ìyá náà ṣì wà lókè. Ó ń wò ó, èmi náà ń wò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tí mo lè sọ níbẹ̀. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ ọ́, ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ̀rù ṣe mí lóore nìyẹn.

"Oníbàárà mi nìyẹn," ló wí. "Kì í ra gààrí lọ́dọ̀ ẹlòmíì." Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí itan. "Ẹ lọ pè é padà wá, àna mi."

Àna mi, ó ní. Mo sáré. Mo bá oníbàárà náà níbi tó ti ń tọ́ gààrí ẹlòmíì wò lẹ́nu.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Kí n wá ṣe kí ni? Ṣé kò lé mi ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń lé. Orin ló ń lé."

Ó wò mí bí ẹni tó jáde nílé ìwòsàn láìgba àṣẹ. Mo tún dọ̀bálẹ̀ fún òun náà. Bóyá nítorí àwọn ènìyàn ti ń wò wá ló fi tẹ̀ lé mi.

Ìyá ọkọ kò rẹ́rìn-ín. Ó wọn gààrí fún un, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wa. "A ó wá ní Sátidé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ orin kan ṣoṣo lágbàálá yín, ẹnu ọ̀nà ni màá ti padà."

Bí a ṣe ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ láìsí orin nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń yọjú, wọ́n rò pé a ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ariwo mi méjèèjì wá, wọ́n jókòó pọ̀, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan bí ọmọ iléèwé.

Ní ọjọ́ Ajé, sípíkà ti padà sórí tábìlì. Mo fi ẹnu sọ ọ́ lọ́jọ́ náà: "Ẹ dín in kù." Ohùn mi jáde bíi ti òròmọdìẹ. Wọ́n dín in kù, kò pọ̀. Mo ti gbé tábìlì mi lọ sídìí wíńdò, mo kọjú sí i, ẹ̀yìn ni orin ti ń lù mí báyìí, inú sì ń bí mi síbẹ̀.

Àna mi máa ń yà wá bó bá wá ra àpò. Kì í tètè kí mi. Yóò dúró sẹ́nu wíńdò, yóò ní, "Àna mi, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín ná."

Màá gbé méjèèjì lé orí tábìlì. Ìgbà náà ló máa tó kúnlẹ̀.